«Àtìpó» kò bá Cahit àti Sibel mu

Ẹ̀yin ará,

Ẹni tó ń kọ àtúpalẹ̀ fíìmù Gegen die Wand, tí Fatih Akin ṣe (2004), bi wá bóyá kí òun pe àwọn Tọ́kì ìlú Hamburg inú rẹ̀ ní "àtìpó". Èmi kò fara mọ́ ọn.

Àtìpó ní ilé tó ń retí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà bá ìran àwọn òbí mu: lọ́dún 1961 ni Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Tọ́kì tọwọ́ bọ̀wé pé kí òṣìṣẹ́ wá fúngbà díẹ̀. Jámánì fúnra rẹ̀ pè wọ́n ní àlejò tó wá ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá ìgbanisíṣẹ́ náà dúró ní 1973, ọ̀pọ̀ kò padà mọ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe aya àti ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Cahit, tí òun àti Sibel jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn fíìmù náà. Mersin, ìlú kan ní Tọ́kì, ni wọ́n ti bí i, síbẹ̀ nígbà tó lọ tọrọ Sibel, arákùnrin ọmọbìnrin náà bi í pé kí ló ṣe èdè Tọ́kì ẹnu rẹ̀. Ó ní òun ti sọ ọ́ nù. Nígbà tó dé Istanbul, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sá sí kó tó lè tú ọkàn rẹ̀ fún Selma, ìbátan Sibel. Ilé wo ló ń retí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Àwọn Tọ́kì ilé ń pe irú wọn ní Almancı. Alman ni ará Jámánì. -Cı yìí sì ń ṣiṣẹ́ tí "oní-" ń ṣe fún wa. Ekmek ni búrẹ́dì, ekmekçi ni oníbúrẹ́dì. (Ìró tó ṣáájú ló sọ -cı di -çi níbẹ̀.) Ohun tí mo dábàá nìyí: "oníjámánì". Ẹ̀gàn wà nínú Almancı, ẹ jẹ́ kó hàn nínú tiwa náà: ilé kà á sí ti Jámánì, Jámánì ń pè é ní Tọ́kì. Èkó ṣe irú rẹ̀ rí, tó pe àwọn ọmọ wa tó ti Brazil dé ní Àgùdà.

Ẹnìkan mú "tòkunbọ̀" wá. Orúkọ ayọ̀ nìyẹn, ti ọmọ tó padà wálé. Yàtọ̀ síyẹn, ọkọ̀ ojú irin ni ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn wọ̀ láti Istanbul lọ sí Munich, wọn ò la òkun kọjá.

Ní ti ìgbéyàwó Cahit àti Sibel, èyí tí Sibel fi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀, "ìgbéyàwó orí ìwé" ni kẹ́ ẹ kọ, kì í ṣe "ìgbéyàwó ẹ̀tàn". Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹbí ni wọ́n tàn.

Níbi tí Cahit ti wọ bọ́ọ̀sì ní ìparí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "ó padà sílé". "Ó lọ sí Mersin" ti tó.