Èsì: "Ìṣàkóso Òfò Ìwúrí Tọ́bò" — òfò ta ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjíròrò o.

Ẹ jẹ́ kí n rán àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé létí. Àbúrò wa kan ní Manchester ní Passat òun tó ń jẹ dísù, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.9 TDI, kì í fà mọ́ tó bá ń gun òkè, P0299 ni kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ń gbé jáde, ìyẹn kóòdù tó ń sọ pé tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ kún ẹ́ńjìnnì, kò ki afẹ́fẹ́ tó. Ọ̀gá wa kan bá a túmọ̀ ìlànà àtúnṣe sí Yorùbá, wọ́n fi "Ìṣàkóso Òfò Ìwúrí Tọ́bò" ṣe àkọlé. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n ní vacuum (ibi tí afẹ́fẹ́ ò sí) ni "òfò", boost (afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń kì kún ẹ́ńjìnnì) ni "ìwúrí", pé ẹni tó bá lórí pípé á yé.

Kò yé mi. Mo kà á sétí ìyàwó mi, ó béèrè pé ta ló kú.

Òfò, dò-dò! Òfò lọ̀rọ̀ ẹni tí ọjà rẹ̀ jóná, òun náà la ń gbàdúrà kó má yà sílé wa. Òfo, dò-re, ni ọ̀gá ń wá. Wọ́n ní àṣìtẹ̀ ni. Látòkè délẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ ní dò-dò. Àṣìtẹ̀ kì í tò létòletò báyẹn. Ẹ wo ìlà kẹrin: "Rí i dájú pé òfò rẹ pọ̀ tó." Irú èpè wo nìyẹn fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bà jẹ́?

Ká tiẹ̀ ní àmì ohùn bọ́ síbi tó yẹ, "òfo" pàápàá ò bá iṣẹ́ náà mu. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ó dà bíi pé ọ̀gá wa ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Pọ́ǹpù kan wà lára ẹ́ńjìnnì yẹn tó ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́. Rọ́bà kan lọ síbi bíréèkì láti ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Òmíràn lọ sí fáàfù kékeré oníná tí wọ́n ń pè ní N75. Ojú mẹ́ta ni fáàfù yìí ní: ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù, ọ̀kan lọ sí tọ́bò, ọ̀kan ń mí sí ọ̀nà fílítà afẹ́fẹ́. Kọ̀ǹpútà ló ń pàṣẹ ìwọ̀n tó máa kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́bò, agolo kan wà tí awọ wà nínú rẹ̀, ọ̀pá irin sì so mọ́ awọ náà. Bí pọ́ǹpù bá fà, ọ̀pá á sún, àwọn ewé irin inú tọ́bò á yí bíi gíláàsì lúfà tí wọ́n ń pa dé, èéfín á gba ojú tóóró kọjá, á sì yí tọ́bò kíkankíkan. Bí rọ́bà bá sán, kò sóhun tó máa fa ọ̀pá. Lúfà á wà ní ṣíṣí gbayawu, mọ́tò á máa wọ́ ẹsẹ̀.

Níbo ni òfo wà nínú gbogbo èyí? Afẹ́fẹ́ ṣì kù nínú rọ́bà, ó kàn dín kù ni. Ipò ni òfo jẹ́. Fífà ló ń ṣiṣẹ́. Ìdí tí mo fi dúró lórí "ìfàmu" fún vacuum nìyẹn. Àwọn ìyá wa ń fẹnu fa ikun nímú ọmọ, ọmọ ń fi sítírọ̀ fa mínírà mu. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Bàbá mi wa Bẹ́dífọ́ọ̀dù láti Ìbàdàn dé Ìlọrin, wọn ò ka ìwé kankan. "Kò fà" ni wọ́n máa wí, ọmọọṣẹ́ á sì ti mọ ibi tó máa lọ. Irú wọn ti lọ tán, àwa tó kù wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, à ń wú tọ́bò lórí.

Ní ti boost, "àkìkún" tí ẹnìkan dá lọ́sẹ̀ tó kọjá tẹ́ mi lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń kì kún ẹ́ńjìnnì, bí ọdẹ ṣe ń kì ìbọn. Ó tán.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní Ìlọrin ní "afàmu" ló yẹ, kì í ṣe "ìfàmu". Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Olùṣe ni àfòmọ́ "a-" ń dá: amúnáwá, amúlétutù, ayọ́kẹ́lẹ́. Pọ́ǹpù ló lè jẹ́ afàmu. Ohun tó ń gba inú rọ́bà lọ, ìfàmu ni. Wọ́n fèsì pé àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí wọ́n tó bí mi. Bóyá. Àfòmọ́ ò mọ ọjọ́ orí.

Ẹni tó kọ̀wé láti Houston ní tiẹ̀ sọ pé sáyẹ́ǹsì ò mọ fífà, pé afẹ́fẹ́ òde ló ń ti awọ, nítorí náà ká pè é ní "ìtì". Òótọ́ ni sáyẹ́ǹsì rẹ̀. Àmọ́ oòrùn náà kì í yọ, ayé ló ń yí, a ò sì tíì yéé sọ pé oòrùn yọ. Ẹni tó bá gbọ́ "ìtì" nínú mọ́tò á máa wá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kiri.

Àwọn tó ní ká fi í sílẹ̀ ní fákúùmù, mi ò bá wọn jà. Tọ́bò pàápàá, ta ló ti rí orúkọ fún un?

Àbúrò Manchester, gbogbo wa ti gbàgbé rẹ. Pa ẹ́ńjìnnì, jẹ́ kó tutù. Yọ rọ́bà tó wọ agolo ẹ̀gbẹ́ tọ́bò, ki pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tó ní gééjì bọ̀ ọ́, kó o fà. Bí abẹ́rẹ́ gééjì bá ń padà sẹ́yìn, awọ ti ya. Bó bá dúró ṣùgbọ́n tí ọ̀pá ò sún, èéfín ti dì mọ́ àwọn ewé irin inú lọ́hùn-ún. Bí méjèèjì bá dáa, yẹ rọ́bà wò, pàápàá ní orí rẹ̀ àti níbi tó ti ń kan irin gbígbóná. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kó o tó fura sí N75. Bí bíréèkì náà bá le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ọ̀dọ̀ pọ́ǹpù ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní kó o lọ ra tọ́bò tuntun kó tó yẹ gbogbo èyí wò, owó rẹ ló ń wò.

Kọ ohun tó o bá rí síbí. Kí ẹnikẹ́ni sì tó wá bi mí bóyá "lúfà" jẹ́ Yorùbá: kí ni wọ́n ń pè é nílé yín?