Àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ ti ń rà díẹ̀díẹ̀: ìrìn wo ló ń ṣe é lóore?

Ọmọ Ẹlẹ́kọ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ ti rí. Ẹni tó ti lé ní 70, tó ṣì ń dá wẹ̀, tó ń dá lọ ọjà, àmọ́ tó ń bèèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀. Dókítà ní kò tíì di arán, kó máa ṣe eré ìdárayá. Báwo la ṣe ń ṣe é?

Fisió Mọ́kọ́lá: Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ni, kì í ṣe ìrìn gbẹ̀fẹ́. Kó lè bá yín sọ̀rọ̀, àmọ́ kó má lè kọrin. Bó bá ṣì ń kọrin, kò tíì yá tó. Bí gbólóhùn kan bá ń já mọ́ ọn lẹ́nu, ó ti pọ̀ jù. Ẹ tún lè ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 15: tó bá ti tó 25, ó dára. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ fún ẹni tó ti pé 65, àmọ́ ẹ má fi 150 bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí á fi di 30, kẹ́ ẹ tó wá fi ọjọ́ kún ọjọ́.

Àbẹ̀kẹ́: Gbígbá àgbàlá láàárọ̀ ńkọ́?

Fisió Mọ́kọ́lá: Bí èémí rẹ̀ bá yára, ó kà, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń gbá a díẹ̀, tí wọ́n á dúró kí aládùúgbò, tí èémí wọn ò ní yára rárá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ ò tíì mẹ́nu ba oògùn. Ẹni tó ń lo atenolol tàbí bisoprolol, ìyẹn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má fi bí ọkàn ṣe ń lù díwọ̀n fún un. Oògùn náà kì í jẹ́ kí ọkàn sáré bó ti yẹ, ìdánwò ọ̀rọ̀ àti orin yẹn ni kẹ́ ẹ lò. BP tó bá lé ní 180/110 lọ́jọ́ kan, kó sinmi, kẹ́ ẹ pe dókítà. Ẹni tó ń lo insulin tàbí glibenclamide fún àtọ̀gbẹ, ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kó tó jáde; bí kò bá tó 90 mg/dL, kó kọ́kọ́ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ìdí ni pé ṣúgà tó já wálẹ̀ jọ ìgbàgbé gan-an: á dákẹ́, á máa wò sùn-ùn, ọ̀rọ̀ á dàrú. Ará ilé á ní ìgbàgbé yẹn ló tún dé. Ìgbàgbé kọ́ o!

Bàbá Kọ́lá: Ẹ ṣeun gan-an, Nọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ ò mọ ìyẹn.

Olùtọ́jú Peckham: Ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni pé á gbàgbé pé òun fẹ́ rìn, tàbí kó búra pé òun ti rìn. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ so ìrìn náà mọ́ ohun tí kì í gbàgbé: tó bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, kó tó mu tíì. Kí bàtà wà níbì kan náà lẹ́nu ọ̀nà, kí ọ̀nà má yí padà, kí nọ́ńbà ilé wà lápò rẹ̀. Nígbà òtútù ní London níbí, ilẹ̀ ti ń ṣú ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà tó mọ̀ lọ́sàn-án lè ṣàjèjì sí i.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ bá mi sọ fáwọn onísílípáàsì!

Fisió Mọ́kọ́lá: Ìka ẹsẹ̀ ní láti há sílípáàsì mọ́ra kó má bọ́, ẹsẹ̀ á wá máa wọ́ nílẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ kọ. Kánfáàsì tí ẹ̀yìn rẹ̀ le, tí wọ́n so okùn ẹ̀ dáadáa. Ìró náà, kó má kọjá àárín ojúgun.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọpọlọ: Ẹ má bínú, ṣé ó dá yín lójú pé ìrìn náà ló ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí EXERT ní Amẹ́ríkà kó nǹkan bí 300 èèyàn tó ní ìṣòro yìí gan-an. Apá kan ṣe ìdárayá tó ń mú ọkàn sáré, apá kejì kàn ń nara. Lẹ́yìn ọdún kan, kò síyàtọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ parí ọ̀rọ̀ náà. Apá méjèèjì ni iyè wọn ò lọ sílẹ̀ lọ́dún yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọpọlọ: Wọn ò yan apá kẹta tí á jókòó sílé. Ó lè jẹ́ jíjáde lọ bá èèyàn ló ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kódà bó jẹ́ ìyẹn ni, kò yẹ kó máa dá rìn nìyẹn.

Bàbá Kọ́lá: Ẹ jẹ́ n rán yín létí Ìdíkàn, n'Ìbàdàn. Wọ́n fi àwọn àgbà ibẹ̀ wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà: àwọn tí arán ń bá lọ́dún jẹ́ 1.35% lọ́dọ̀ tiwa, 3.24% lọ́hùn-ún. Ẹsẹ̀ rírìn ni!

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọpọlọ: Ìwádìí yẹn ò sọ pé ẹsẹ̀ ni. Oúnjẹ ńkọ́? BP ńkọ́?

Bàbá Kọ́lá: Mi ò gbà. Òkè tó wà n'Ìbàdàn ò kéré.

Fisió Mọ́kọ́lá: Bàbá, ilẹ̀ títẹ́jú ni kí wọ́n lò lóṣù àkọ́kọ́ o. Sísọ̀kalẹ̀ ń dun orúnkún ju gígun òkè lọ. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, kó jókòó sórí àga tí ẹ ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri, kó máa gbé orúnkún lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa ju apá: ìṣẹ́jú 3, ìsinmi 1, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Kò sì gbọdọ̀ dúró lójijì. Ẹ̀jẹ̀ á kó sí ẹsẹ̀, òòyì á kọ́ ọ. Ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn, kó máa rọra rìn.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ: Tí ọyẹ́ bá wá fi eruku bo gbogbo ìlú?

Olùtọ́jú Peckham: Kọ́rídọ̀ inú ilé. Ẹ ká rọ́ọ̀gì kúrò nílẹ̀. Tó bá dé ìparí, kó fi ìṣísẹ̀ kéékèèké mẹ́rin yí padà, kó má yí lójijì, torí ibi yíyí yẹn ni wọ́n ti máa ń ṣubú.