Aládùúgbò mi dí ojú àgbàrá mọ́ mi, kí ni kí n ṣe?

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹni tí mo ra aṣọ ẹbí ìkómọ ẹ̀, tí mo tún yá ní kúlà tí ò dá padà dòní, òun ló mọ búlọ́ọ̀kù dí ibi tí omi ń gbà jáde nílé mi n'Íbàdàn níbí, òjò rọ̀ ní Sátidé, àgbàrá ya wọ kíṣìnì, gàrí mi bàjẹ́, ìyàwó ẹ̀ wá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Owó kékeré kọ́ ni mo fi tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì o! Ṣé kí n lọ fọ́ búlọ́ọ̀kù yẹn ni àbí kí n pe ọlọ́pàá?

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ má fọ́ nǹkan kan. Ṣé gbogbo ilẹ̀ lẹ tẹ́? Omi òrùlé ńkọ́?

Bàbá Ṣọlá: Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Oṣù kẹjọ 2011 tí omíyalé ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn yẹn, fìríìjì ìyá mi ló léfòó ní pálọ̀. Àwọn àgbà tiẹ̀ ní ti odò Ògùnpa tó ya wọ ìlú ní 1980 jù ú lọ.

Oníbéèrè: Bàbá, mi ò bi yín ní ti Ògùnpa. Gbogbo ilẹ̀ ni mo tẹ́, ẹrẹ̀ ló sú mi.

Bíríkìlà: Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, òjò mìlímítà 10 péré, lítà 1,000 ló máa dà sílẹ̀. Ẹ gbé táǹkì sábẹ́ ẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò, ẹ da òkúta sí i kó máa mu omi. Ẹ yọ íńtálọ́ọ̀kì etí fẹ́ǹsì, ẹ gbin koríko síbẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́jà: Koríko kẹ̀, kí ejò máa wọlé? Ẹ la gọ́tà lọ sódò tààrà jàre.

Bíríkìlà: Gọ́tà tààrà yẹn náà ló ń kó yẹ̀pẹ̀ àti ọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ lọ sódò.

Ọmọ Ọlọ́jà: O ò tíì dáhùn ti ejò.

Ìyá Àdùkẹ́: Oníbéèrè, kí ló dé tó fi ṣàdédé dí i?

Oníbéèrè: Ó ní ó ń rùn. Páìpù soakaway wa gba ibẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìgbà òjò nìkan la ń ṣí i, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ sódò. Ta ni kì í ṣe é ládùúgbò wa?

Ìyá Àdùkẹ́: Haa! Ìgbẹ́ lẹ̀ ń ṣí sí ojúlé ọmọ ọlọ́mọ! Àwọn tó ń pọnmi lódò yẹn ńkọ́, ṣé kí onígbáméjì pa wọ́n ni? Ẹ dí páìpù yẹn lónìí, ẹ pe àwọn tó ń fa soakaway, ká tó sọ ti búlọ́ọ̀kù.

Oníbéèrè: Èló ni wọ́n ń fà á báyìí?