Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti já ewé fún ìwádìí rí, kí lojú yín rí?

Àjílété: Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ogójì ewé ni wọ́n ní kí n kó jọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tòun ti òdòdó tàbí èso. Mo tẹ́ wọn sáàárín ìwé ìròyìn, mo gbé pátákó àti bíríkì lé e, mò ń pààrọ̀ bébà lójoojúmọ́ kí wọ́n má baà bu. Lọ́jọ́ kẹrin mo wọlé, mo bá ewé nílẹ̀ káàkiri. Ìyá àgbà ti fi ìwé ìròyìn di àkàrà fún oníbàárà!

Ìyá Ìbejì: Àkàrà alágbo 😂😂

Ọmọ Akẹ̀sán: Tèmi ò pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ra dágunró lọ́wọ́ eléwé kan, mo tún rà á lọ́wọ́ ìkejì rẹ̀. Ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀! Méjèèjì lẹ́gùn-ún, méjèèjì ń jẹ́ dágunró. Ìgbà tí mo gbé wọn dé ilé àkójọ ewé ní Jẹ́ríkò, n'Íbàdàn, ni wọ́n tó là mí lójú: Acanthospermum hispidum lọ̀kan, Alternanthera pungens nìkejì.

Baba Ọlọ́kadà: Orúkọ Látìnì náà ń yí o. Ẹ ní Vernonia ni ewúro, ẹ tún ní ó ti di Gymnanthemum. Ìyá mi ò yí tiẹ̀ padà rí.

Ọmọ Akẹ̀sán: Baba, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ èwo nínú dágunró méjì yẹn lẹ máa fi se àgbo?

Ìyá Ìbejì: Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, orúkọ wo lẹ kọ fún ewé Akíntọ́lá ta kú?

Àjílété: Ewé Awólọ́wọ̀ ni 😏

Baba Ọlọ́kadà: Ìjà ti dé.

Ìyá Ìbejì: Ro ó lónìí, ó tún hù lọ́la. Ta ló ta kú bí kì í ṣe òun?

Ọmọ Akẹ̀sán: Chromolaena odorata ni, Amẹ́ríkà ló ti wá. Kò mọ olóṣèlú kankan.

Baba Ọlọ́kadà: Òun náà la ń gún sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Adéọlá: Mi ò kọ àwọ̀ òdòdó sílẹ̀ kó tó gbẹ. Gbogbo ẹ̀ di àwọ̀ tábà. Ọ̀gá bi mí, mo ní "pupa... bóyá".

Àjílété: Pẹ̀lẹ́. Ta ló mọ ibi tí ìrókò ti ń tanná nítòsí wa? Òdòdó akọ ni mo ń wá, ti abo wà lọ́wọ́ mi.

Ìyá Ìbejì: Tó o bá rí i, má gbé e délé Ìyá àgbà.