Ibùsọ̀ kì í ṣe kìlómítà

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ. Mo ní n dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wá dé ẹnu ọ̀nà ibi tí mo ti dàgbà.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa kan ń túmọ̀ ìwé ìrìn-àjò, ó bèèrè ohun tí òun lè pe kìlómítà. Bàbá wa ará Ìbàdàn ní kó kọ "ibùsọ̀", níbi tó bá sì ti rí kílò, kó kọ "kóńgò", pé ọ̀rọ̀ wa ni méjèèjì, ọ̀rọ̀ àyálò ti pọ̀ jù. Àbúrò wa ará Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní àwọn ọmọ tòun kò ní mọ ohun tí ibùsọ̀ ń wá níbẹ̀. Ẹ̀yìn ará Kétu ni mo wà.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ibùdó ni ibi tí a dó sí, ibùsùn ni ibi tí a ń sùn, ibùsọ̀ ni ibi tí a ti ń sọ ẹrù. Ọmọ ìyá ni òun àti ìsọ̀ ọjà. Láyé tí orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù, alárù á rìn títí ọrùn á fi máa ro ó, á sọ̀, á mu omi, wọn á tún gbé e rù ú. Ibi tó ti sọ̀ ni ibùsọ̀. Nígbà tó yá, ìrìn tó wà láàárín ibùsọ̀ kan sí èkejì náà di ibùsọ̀. Mítà mélòó wá ni? Òkè wà nínú rẹ̀, oòrùn wà nínú rẹ̀, ìwúwo ẹrù wà nínú rẹ̀. Máìlì òyìnbó ló dé tí a fi orúkọ náà lé lórí, ó sì mọ́ wa lára. Títí di òní, ẹ sọ fún àgbàlagbà pé ibùsọ̀ márùn-ún ni, máìlì márùn-ún ló gbọ́.

Láti Kútọnu dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó nǹkan bíi kìlómítà 30. Ẹ kọ ọ́ ní "ibùsọ̀ 30", kí ẹ kà á fún ìyá àgbà kan ní Ìdí-Ìrókò: lójú tirẹ̀, máìlì 30 ni, ọ̀nà náà ti di kìlómítà 48. A ti fi kìlómítà 18 kún ìrìn ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ tún wo bí ẹnubodè ṣe pín wa. Nàìjíríà ṣe òfin òṣùwọ̀n ní 1974, kìlómítà gba ojú títì, síbẹ̀ Mile 2 ṣì ni Mile 2, Mile 12 tí wọ́n ti ń já tòmátì ṣì ni Mile 12. N kò tíì gbọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń ké pé "Kìlómítà mọ́kàndínlógún, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ!" Ẹ sọdá Sẹ̀mẹ̀ báyìí, ẹ ó bá PK3, PK6, PK10: kíka kìlómítà ti àwọn Faransé ló di orúkọ àdúgbò. Àdúgbò wọn ń ka kìlómítà, tiwa ń ka máìlì. Ibùsọ̀ ta ni àbúrò wa fẹ́ kọ?

Ti kóńgò tilẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Abọ́ ni kóńgò, ìwúwo ni kílò, gàrí kóńgò kan kì í sì í wúwo tó ẹ̀wà kóńgò kan. Ìyá mi ta gàrí lẹ́nubodè pẹ́. Á bu gàrí kún kóńgò, á fi apá òsì yí etí rẹ̀ ká bí odi, á máa fi ọwọ́ ọ̀tún kó o lé e lórí títí á fi ṣe ṣóńṣó, kó tó dà á sínú ọ̀rá oníbàárà. Á tún wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì. Ní ìsọ̀ kejì, wọ́n ti fi òòlù lu ìdí kóńgò tiwọn wọnú. Kóńgò ni àwọn méjèèjì ń jẹ́! Bí ẹni tó ti òdìkejì wá bá bèèrè tongolo, tí í ṣe abọ́ tiwọn, ìyá mi kì í ṣírò kílò kankan. Á gbé abọ́ méjèèjì kalẹ̀, á da ọ̀kan sínú èkejì níṣojú ẹni náà, wọ́n á dúnàádúrà lórí ohun tó ṣẹ́ kù. Bol ni wọ́n ń pe tiwọn ní Togo, olonka ni ti Ghana, àwọn Hausa ní mudu àti tiya. Kílò wà nínú òfin gbogbo wọn. Lọ́jà tèmi, ẹja dídì àti adìẹ dídì ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ti aṣọ. Èèyàn á rò pé àwọn tí Faransé jọba lé lórí á máa fi mítà ta àǹkárá. Rárá o. Ní Kútọnu àti Lomé, yáàdì 6 àti yáàdì 12 ni wọ́n ń tà, yáàdì méjì sì ni pagne kan, ìyẹn ìró aṣọ kan. Àwa ń pe yáàdì ní ọ̀pá. Ẹ wá dá a lábàá pé kí ọ̀pá máa jẹ́ mítà, kí ẹ wo ohun tí télọ̀ á fojú yín rí: mítà 6 fi ohun tó lé díẹ̀ ní ààbọ̀ mítà ju ọ̀pá 6 lọ, ó tó fìlà rán.

Bàbá wa fi ọ̀kẹ́ ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn, pé ṣebí àpò owó ẹyọ ni, òun náà la sì fi ń ka mílíọ̀nù lónìí. Ẹ má bínú, sà. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, àádọ́ta rẹ̀ ló di mílíọ̀nù. Ìṣirò la ṣe, ọ̀kẹ́ kò yẹ̀ níbi tó wà. Ká ní ọ̀sẹ̀ lẹ mú wá ni, ẹnu mi ì bá wọlé, torí ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ àwọn bàbá wa, a sì fà á gùn di méje. Síbẹ̀, ẹ bá babaláwo ṣe àdéhùn "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀", kí ẹ wo ọjọ́ tí á máa retí yín. Ìtàdógún ńkọ́? Ogún dín mẹ́ta ni, ọjọ́ 17 ní kíkà tiwọn. Àwọn ọmọ mi ń pè é ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Àbúrò mi atúmọ̀ èdè, kọ kìlómítà 30, kò sẹ́ni tí á ṣì ọ́ gbọ́. Fi ibùsọ̀ pa mọ́ fún máìlì, àti fún ibi tí arìnrìn-àjò inú ìwé rẹ bá ti jókòó sinmi. Ìwọ náà, àbúrò mi ará Kétu, bá mi bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà yín tí máìlì kò bá nílé: nígbà tí wọ́n ń ru ẹrù lọ sí Mẹ̀kọ, ibùsọ̀ mélòó ni wọ́n ń kà?