Ìbò àkọ́kọ́ yín ní ìlú Òyìnbó, báwo ló ṣe rí?

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó bá ti dìbò ní Bìrìtéènì rí, ó yá, kó wá sọ tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wọ Manchester. Bùọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n lọ forúkọ sílẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n dá mi padà sílé ni?" Àṣé ọmọ Kọ́mọ́ńwẹ́lì, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà àti Bìrìtéènì jọ wà, tó bá ti ní ìwé ìgbélùú lè dìbò, títí kan ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọmọ Faransé tá a jọ ń gbé ilé ò lè dì í!

Ní 4 July 2024, mo mú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà mi dání lọ. Kò sí sójà, kò sí ariwo. Ajá ẹnì kan ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Màmá àgbà kan wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó fi rúlà fa ìlà sórí orúkọ mi, ó já ìwé ìbò fún mi. Pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́ tábìlì ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Pẹ́ńsù o! Mo jáde, mo wo àtàǹpàkò mi, kò sí yíǹkì níbẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé mi ò tíì dìbò.

*Ìyá Ìbejì, Tottenham:*
Ẹ kú ìgbádùn, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. 1987 ni tèmi. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mi ò tíì fojú ba oorun tí mo fi gba ibẹ̀ lọ. Bernie Grant, ọmọ Guyana, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, la dì í fún. Òun, Diane Abbott ní Hackney àti Paul Boateng ní Brent, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, ló jọ wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ọbabìnrin wá ṣí ilé ìgbìmọ̀, aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ni Bernie gbé wọ̀! Mo gé fọ́tò rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ fìríìjì. Òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá kí mi nílé, ó ní ṣé ọba wa nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

*Ọmọ Ẹ̀gbá:*
Ẹ ṣeun mà. Àwọn bàbá wa ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ilé WASU ní Camden, ní London, ni bàbá ìyá mi dé sí, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Ladipo Solanke, ọmọ Abẹ́òkúta, àtàwọn yòókù dá sílẹ̀ ní 1925. Bàbá ní oúnjẹ ilé ló gbé òun débẹ̀, ọ̀rọ̀ òmìnira ni ò jẹ́ kóun lè lọ mọ́. Ní 1941, Attlee, tó wá di olórí ìjọba Bìrìtéènì lẹ́yìn náà, wá bá wọn sọ̀rọ̀, ó ní òmìnira tí wọ́n ń torí rẹ̀ jagun, ti gbogbo ènìyàn ni. Kò pẹ́ tí Churchill, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà yẹn, fi ní rárá o, ti àwọn ará Yúróòpù tí Hitler gba ìlú wọn ni. Ẹ wo bí ilé yẹn á ṣe gbóná tó!

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ Kemi Badenoch, olóṣèlú ọmọ Yorùbá ní Bìrìtéènì, wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ṣí tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àríyànjiyàn tọ̀sẹ̀ tó kọjá lórí rẹ̀ ò tíì tán nílẹ̀.