Àbọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù mi: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, mo wá jábọ̀. Mo bi yín níjọ́sí bóyá kí n ra láptọ́ọ̀pù tuntun ni, àbí kí n tún ti àtijọ́ ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì ìgbàlódé, tó ń rọ́pò háàdì) sí i, ẹ ṣeun púpọ̀. Òkèṣà, l'Ádó-Èkìtì níbí, ni wọ́n ti tú ìdí rẹ̀. Eruku ti dì pa sínú fáànù! Wọ́n yọ háàdì (ibi ìpamọ́ fáìlì ti àtijọ́) tó ń kùn yẹn kúrò, wọ́n fi SSD rọ́pò rẹ̀. SSD ò ní àwo tó ń yí nínú, ìdí nìyẹn tó fi yá, kò sì bẹ̀rù gbágungbàgun ọ̀kadà. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà), tèmi ò ní in. Àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí lóṣù kẹwàá 2025. Nítorí náà, Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, ni mo gbé sí i. Inú mi dùn gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí parí síbí.